Òrí Tí Mo Fi Pa Mọ́tò Mi Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí jù.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé sí Ìsẹ́yìn ni mọ́tò mi ti ń han. Tí mo bá ti ṣáná sí i ní ìdájí, á figbe ta láti ìdí bẹ́líìtì, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná díẹ̀, á dákẹ́. Bí wọ́n ṣe sọ mọ́tò mi ní Ládàánì nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ládàánì, o pẹ́ lónìí o, a ti kírun tán." Ẹ̀rín ni fún wọn, ìtìjú ni fún mi.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Wàídì, mẹkáníìkì wa. Ọ̀sán ni mo lọ, kò dún rárá. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ di àárọ̀ kó lè tutù, káwọn lè gbọ́ ibi tí igbe náà ti ń jáde. Kí lèmi rò? Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi mọ́tò mi jáde ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí ẹni tó tó mi í bí, mo wakọ̀ mi lọ.

Ní gáréèjì, awakọ̀ kan ní kí n fi òrí pa bẹ́líìtì, pé òun náà ń ṣe é. Mo mú òrí tí ìyá mi fi ń para, mo fi pa á. Ó dákẹ́ lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò mi Sàfíyà ní ìdánwò ìwọlé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣakí. Ọdún méjì ló fi múra sílẹ̀. Èmi ni mo ní màá gbé e lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fetí sí mọ́tò, ó ní, "Bùọ̀dá mi, ṣé ẹ ti tún un ṣe ni, àbí ẹ kàn pa á lẹ́nu mọ́?"

Mo ní mo ti tún un ṣe. Irọ́ ni mo pa fún un.

A ò tíì dé Ìpàpó tí òórùn òrí tó ń jó fi gba inú mọ́tò. Iná pupa tàn, omi ẹ́ńjìnnì ń hó, bẹ́líìtì ti já. Sàfíyà dúró sójú títì, ó ń nawọ́ sí gbogbo ọkọ̀. Ọkọ̀ tó kó gbágùúdá kan ló gbé e dé Ṣakí. Géètì ti wà ní títì.

Bàbá Wàídì náà ni mo tún pè. Wọ́n gun ọ̀kadà wá. Wọ́n rí ọ̀rá lára bẹ́líìtì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé àkàrà lo fẹ́ dín nínú ẹ́ńjìnnì ni?" Wọ́n fọwọ́ yí púlì kan tí bẹ́líìtì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ó há, ó ń dún bí ìgbà tí yanrìn wà nínú rẹ̀. Púlì ló ń ké láti ọjọ́ yìí! Òrí tó yọ́ wọ inú rẹ̀ ló kàn pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní ká ní mo fi mọ́tò sílẹ̀ ni, omi díẹ̀ làwọn ì bá wọ́n sí bẹ́líìtì láàárọ̀. Tí igbe bá dákẹ́, bẹ́líìtì ni. Tí kò bá dákẹ́, púlì ni.

Omi lásán. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lẹ́bàá títì níbẹ̀.

Sàfíyà ò bú mi. Ó kó ìwé rẹ̀ padà sínú àpótí, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ì bá sàn kó bú mi.

Tí mọ́tò yín bá ń ké láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kó ké létí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí lẹ̀yin náà ti fi òrí pa rí, tó padà já mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ yìí, kí n má dá nìkan jẹ̀bi. Lójoojúmọ́ ni Ládàánì ń pè mí, èmi ni mi ò jẹ́.