Ìjọba Orí Pépà Tí Àwọn Ará Efire Gbà Lọ́wọ́ Mi

Èmi fúnra mi ni mo dá eré náà sílẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ó túbọ̀ máa dùn mí. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Sopẹn, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá mi, tó ń ṣòwò obì. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló gbòde ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ọkùnrin méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ìbò ni. Bí oníbàárà bá wá wo obì nílé wa, kó tó yẹ agbọ̀n kan wò, á ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìbò. Bí èmi bá da tèmi sí i, bàbá mi á ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Nígbà mìíràn, kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Ni mo bá ya orílẹ̀-èdè tèmi sórí pépà. Mo ya odò sí àárín rẹ̀, mo fi òkè sí àríwá, mo fi ọ̀sà sí ìsàlẹ̀, mo sì to àwọn ìlú síbẹ̀. Òfin eré náà kò le. Ẹni tó bá ń ṣeré jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ó bá kan ọ, wàá ṣe iṣẹ́ méjì sí ìlú tó bá wù ọ́: ọ̀nà, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, tàbí afárá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ìlú kan ló ni ìlú náà, títí ẹlòmíràn yóò fi ṣe jù ú lọ. Ẹni méjì lè pa ẹgbẹ́ pọ̀ láti dojú kọ ẹnì kẹta, a ó sì ka ìlú wọn pọ̀. Ẹni tó bá ni ju ìdajì àwọn ìlú lọ, òun ni Pírẹ́míà.

Àwa mẹ́ta la ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń pín oògùn ní dìsìpẹ́nsárì kékeré kan ní Efire, létí ọ̀sà. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ lọ sílé-ìwé ń ránṣọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo da àwòrán náà kọ, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn, lẹ́tà la sì fi ń ṣeré láti ìgbà náà. Ohun tí ẹnì kan bá ṣe, á kọ ọ́ sí àwọn méjì yòókù.

Ti Àgọ́-Ìwòyè kò ní wàhálà. Ti Efire ló ń bí mi nínú. Lẹ́tà á bá mọ́tò dé Ìwòpin, á dúró de ọkọ̀ ojú omi, á dé tòun ti òórùn ẹja. Mo fara mọ́ ìyẹn. Èyí tí n kò lè fara mọ́ ni pé bí lẹ́tà bá dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tán, kò ní fèsì. Oṣù á wọlé, oṣù á jáde. Ọ̀rẹ́ mi á kọ̀wé pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ṣì wà láyé ṣá?" Nígbà tó yá, èsì kan dé. Kíláàsì ni mo ti ṣí i.

"Àbúrò mi, má bínú," ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan ni."

"Àwọn wo?" Ariwo tí mo fi bi lẹ́tà náà ló mú kí gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì dìde dúró, wọ́n rò pé àwọn ni mò ń bá wí.

Àṣé ẹ̀gbọ́n mi ti lẹ àwòrán náà mọ́ ara ògiri dìsìpẹ́nsárì. Àwọn apẹja tó wá gba oògùn ibà bi í pé ìlú ibo nìyí. Ó ṣàlàyé fún wọn. Láti ọjọ́ náà, kò dá nǹkan kan ṣe mọ́. Bí lẹ́tà mi bá dé, á kà á fún wọn, wọn á jókòó lé e lórí, wọn á gbà á rò bí ẹni ń gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rò. Bí ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ láàárín wọn bá lọ dẹ odò, wọn á ní kí a dúró dè é.

Èmi kò dúró; ẹni tó bá pẹ́ jù, a máa ń fò ó ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣèpàdé, mo kọ́ ilé ìwòsàn sí ìlú kan tó wà létí ọ̀sà lórí àwòrán náà, mo tún ṣe afárá fún un. Ọwọ́ wọn ni ìlú náà wà tẹ́lẹ̀, ó bá di tèmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mò ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, bàbá mi pè mí bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Mo bá àwọn àgbààgbà mẹ́ta láti Efire ní pálọ̀, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan wà níwájú wọn.

Bàbá mi ní, "Kí lo gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí?"

"Bàbá, n kò gba nǹkan kan. Eré ni."

"Wọ́n ní ìlú lo gbà."

"Ìlú orí pépà ni!"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ọkùnrin gbígbẹ kan tí oòrùn ti sun ojú rẹ̀, yíjú sí mi. Kò pè mí lọ́mọ. Ó ní, "Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, a kí yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi sétí ọ̀sà, àwọn olóṣèlú ti ń bọ̀ wá ṣèlérí afárá fún wa. A kò rí igi kan. Ìgbà tí ìlú tiwa wá ní afárá àti ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí pépà, ẹ fi wọ́n gba ìlú náà lọ́wọ́ wa."

Ẹ̀rín tó ti dé ọ̀fun mi padà. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Èmi kọ́ ni mo fi afárá dù wọ́n!

Bàbá mi ní kí n gbé àwòrán náà wá. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí adájọ́. Ó wá ní, "Dá ìlú wọn padà fún wọn."

"Bàbá, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ṣòfin?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Tún un ṣe."

Bí mo ṣe dá ìlú padà nìyẹn. Mo tún fi ẹja wọn se ìkọ́kọrẹ́ fún wọn. Méjì bá bàbá mi kírun Alásàrí. Ẹnì kẹta, tó jẹ́ Aládùúrà, lọ gbàdúrà tirẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n sùn sọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ mọ́, mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Mo fi mọ́tò tó ń lọ síhà odò hàn wọ́n. Bàbá gbígbẹ yẹn ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ yà síbì kan. N kò bi í pé ibo.

Lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi ló sọ ibẹ̀ fún mi. "Má bínú sí mi, òṣèlú ni. Àwọn bàbá mẹ́ta kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fún mi lẹ́ja. A ti pa ẹgbẹ́ pọ̀." Tiwọn àti tirẹ̀, pẹ̀lú ìlú tí mo fi ọwọ́ ara mi dá padà, ó ti ju ìdajì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ìlú tirẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ, di Pírẹ́míà. Ìkọ́kọrẹ́ mi kò tíì dà nínú wọn tí wọ́n fi tà mí!

Mo gbé lẹ́tà náà fún bàbá mi, mo rò pé á bá mi bínú. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Àwọn àgbà yẹn gbọ́n o."

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé kí n wá, àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ rí mi. Mo lọ nítorí kí n lè sọ ohun tó wà nínú mi sí i lójú, kí n sì padà lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ojú omi jò, omi rin mí dé ìbàdí. Kí n tó bú ẹ̀gbọ́n mi tán, wọ́n ti mú mi lọ sí iwájú dìsìpẹ́nsárì, wọ́n ti gbé àga kan kalẹ̀ ní òdì kejì tiwọn.

Bàbá gbígbẹ ní, "Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni olórí alátakò."

Mo ní aṣọ mi tutù.

"Alátakò kì í dákẹ́. Kí lẹ rí nínú ìjọba wa tí kò dáa?"

Mo ní n kò rí nǹkan kan, mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n ojú mi bọ́ sí àwòrán lára ògiri. Wọ́n ti gbàgbé gbogbo ìlú ẹ̀bá òkè. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbàjọba, wọn kò la ọ̀nà kan síbẹ̀. Mo sọ ọ́. Ẹnì kan ní irọ́ ni. Mo dìde, mo tọ́ka sí i. Ẹlòmíràn ní ẹ̀bá òkè kò lẹ́ja, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà ṣe? Mo ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará òkè máa ń sọ nípa èèyàn etí ọ̀sà. Ariwo sọ. Ọlọ́kọ̀ tó fẹ́ padà sí Ìwòpin dúró létí omi, ó pè mí títí, ó sú u, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.