Alàgbà Ọmọ Ọdún Mọ́kàndínlógún

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni àbúrò mi nígbà tó di Alàgbà. Kò ní irùngbọ̀n, kò ní ìyàwó, kò sì lè dín ẹyin kó má jóná. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì tí wọ́n tọ́ wa dàgbà, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ti fẹ́ lọ wàásù fún ọdún méjì lókè òkun, Alàgbà ni oyè rẹ̀. Wọn á kọ ọ́ sára ike dúdú kékeré kan, wọn á fi há a láyà, ó parí. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ìpè rẹ̀ ti dé ni ìyá wa kò ti pe orúkọ tó sọ ọ́ mọ́. "Alàgbà, wá jẹun." "Alàgbà, o ò tíì fọ abọ́ yìí o." Èmi náà ń pè é ní Alàgbà, àmọ́ ohùn tí mo fi ń pè é, ìyá wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù kó lọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti mú. Kí n tètè sọ tèmi: ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti kúrò nínú ìjọ náà. Kì í ṣe pé mo bá wọn jà lórí ẹ̀kọ́ kankan. Tíì ni. Wọn kì í mu tíì, wọn kì í mu kọfí, ọtí ò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Èmi tí ojú mi kì í là láàárọ̀ bí n kò bá tíì mu tíì, kí ni kí n ṣe? Ìyá mi sunkún fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó yá, ó gbà fún Ọlọ́run pé ọmọ méjì ni òun bí, ọ̀kan fún Un, ọ̀kan fún tíì.

Nínú ìjọ náà, Bíṣọ́ọ̀bù kì í gbowó oṣù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa ṣe jẹun. Bíṣọ́ọ̀bù tiwa, fíríìjì ló ń tún ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ó rí i pẹ̀lú kóòtù àti táì, tó jókòó síwájú bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ máa rí, gbogbo ara tó kù wà lẹ́yìn fíríìjì. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Alàgbà wá bá wa ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kó má baà jókòó lásán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ṣoṣo ṣe jẹ́ ọ̀gá wa fún ọjọ́ mẹ́fà, tó sì jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù fún un lọ́jọ́ keje.

Ọ̀gá ò bínú sí mi rí pé mo fi ìjọ sílẹ̀. Fóònù mi ló ń bí i nínú. Lẹ́ẹ̀kan, mo ń wo fóònù, mo wakọ̀ kọjá ilé oníbàárà, mo dé òpin títì kí n tó rántí. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ń dá ẹnì kan lóhùn, mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá ògiri, gíláàsì fíríìjì tuntun sì fọ́ yángá. Ọ̀gá ò pariwo. Ó ní, "Bí fóònù yìí bá tún fa ọ̀ràn kẹta, wàá fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì, wàá máa lọ sílé." Owó oṣù mi ni a fi ń san owó ilé tí à ń gbé, torí náà mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Ṣọ́ọ̀bù náà kún fún àwọn fíríìjì tí kò nílẹ̀kùn, tí ọ̀pá bàbà ń yọ jáde lẹ́yìn wọn. Níwájú wọn ni Alàgbà ti ń fi ìwàásù kọ́ra. Bó bá ti nu ọwọ́ gíríìsì tán, á dúró ṣánṣán síwájú èyí tó bá tóbi jù, á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàárọ̀ o. Ǹjẹ́ ẹ ti ronú rí nípa ibi tí ẹ máa lọ lẹ́yìn ayé yìí?"

Èmi ni mo ń bá fíríìjì dáhùn. "Ààtàn ni, ọmọ mi. Gáàsì mi ti tán."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń fi mí ṣeré."

"Fíríìjì ló sọ̀rọ̀, èmi kọ́."

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Bàbá Aládìẹ fi dé. Ọkùnrin arúgbó kan ni, ó ń ta adìẹ inú yìnyín ní yàrá iwájú ilé rẹ̀, fíríṣà ńlá kan ló sì fi ń ta á. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá. A lọ tún fíríṣà náà ṣe níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan. Alàgbà ṣe é dáadáa, ohun tó bàjẹ́ ni ó pààrọ̀, fíríṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, gbogbo wa gbọ́. Ó yẹ kí a máa lọ. Ṣùgbọ́n Alàgbà rí èèyàn ẹlẹ́ran ara lẹ́yìn gbogbo fíríìjì tó ti wàásù fún. Ó ní, "Bàbá, ǹjẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún?" Bàbá ní, ta ló tún ń bá òun ní nǹkan ṣe látìgbà tí ìyàwó òun ti lọ? Ó gbé àga fún un.

Ìṣẹ́jú márùn-ún di wákàtí kan. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìyàwó Bàbá, wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀run, Bàbá sunkún díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sẹ́yìn fíríṣà, fóònù mi fẹ́ kú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo yọ wáyà fíríṣà, mo ki ṣájà mi bọ̀ ọ́. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, kí ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa fi adìẹ tó ti gan ṣe? Nígbà tí àdúrà parí, mo fa ṣájà mi yọ, mo jáde lọ gbé ọkọ̀. Wáyà fíríṣà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo jù ú sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, Bàbá ti ilé, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọjọ́ méjì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó gbé adìẹ kan tó ti rà sórí tábìlì Ọ̀gá nínú ọ̀rá. Gbogbo wa sá sẹ́yìn. Ó ní nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni òun bá wáyà, gbogbo ọjà òun ló ti bàjẹ́, òun ti gbẹ́ ilẹ̀ sin ín lẹ́yìnkùlé. Ọ̀gá yíjú sí wa. "Ta ló yọ wáyà?"

Mo ti la ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti là á. Ṣùgbọ́n ojú Ọ̀gá wà lára fóònù tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì yára fi í sápò. Alàgbà, tó ti rí mi nígbà tí mo ń fa ṣájà yọ, ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wáyà wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí a kúrò, sà. Ó ń ṣiṣẹ́."

N kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu àbúrò mi rí. Ọ̀gá náà ò gbọ́ ọ rí, ìdí nìyẹn tó fi gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀. "Bàbá, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó rìnrìn-àjò, kẹ́ ẹ sì gbàgbé. Ọjọ́ orí ni." Bàbá fi ìbínú gbọn ọ̀pá sí Alàgbà, ó pè é ní òpùrọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀ mo bi í pé, "Ta ló rán ẹ?"

"Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ń lọ. Ta ló máa sanwó ilé?"

Mo tan rédíò.

Kí ẹni tó ń lọ wàásù tó lọ, Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ pè é sí yàrá kó fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń bi wọ́n ni pé, ṣé olóòótọ́ ni ẹ́ nínú ohun gbogbo tí ò ń ṣe? Ọ̀gá wa ló bi í, ọkùnrin tó parọ́ fún gan-an. Alàgbà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó délé, kò jẹun. Lọ́jọ́ kejì, kò jẹun. Ìyá mi ń yọ̀ pé ọmọ òun ń gbààwẹ̀.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń fọ ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. N ò lè gbé e lọ."

"Irọ́ kékeré yìí? Tó o bá débẹ̀, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣebí ọ̀run kan náà ló bo ibẹ̀."

"Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Ó máa gbàgbé. Ṣebí ọjọ́ orí ni."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi tí mo mọ̀ pé kò gbàgbé nǹkan kan. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń bà mí, mo sì ń fi àwàdà bò ó. Ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ré kọjá, ìyá wa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́wàá ní àlọ̀túnlọ̀, àbúrò mi sì ń rù.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn dé. Ẹni tó ń lọ ló máa ń sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ lọ́jọ́ náà. Ìyá wa bẹ̀ mí títí mo fi tẹ̀lé wọn. A dé ẹnu ọ̀nà, ta ni mo rí? Bàbá Aládìẹ ni, nínú kóòtù tó tóbi jù ú lọ, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Alàgbà ló pè é lọ́jọ́ tí wọ́n jọ jókòó nílé rẹ̀, ó ní kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ òun tí ọjọ́ ìdágbére bá kò. Mo rò pé ó wá jà ni. Ó tẹríba fún àbúrò mi. Àgbàlagbà, níwájú ọmọdé.

Ó ní, "Alàgbà, ẹ má bínú sí mi. Mo pè yín ní òpùrọ́. Ọmọ mi obìnrin ti là mí lóye, ó ní bí orí àgbà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú nìyẹn. Ó ní kí n pa ṣọ́ọ̀bù tì, kí n kó wá sọ́dọ̀ òun kí òun lè máa ṣọ́ mi. Mo ti gbà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bá mi jókòó lọ́jọ́sí, mo ní kí n má lọ láì bẹ̀ yín."

Alàgbà fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ìjọ ti fà á lọ síwájú.

Orin kọjá, àdúrà kọjá, wọ́n pè é. Ó yọ ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó wò ó, ó ká a padà sápò. "Mi ò ní wàásù. Bàbá tó jókòó síbẹ̀ yẹn, wọn ò gbàgbé nǹkan kan nípa fíríṣà wọn. Èmi ni mo yọ wáyà. Mo gbàgbé láti dá a padà. Mo parọ́ fún Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì. Èmi nìkan ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ìjọ yẹn ṣe rí. Ẹnikẹ́ni kì í pariwo níbẹ̀. Bí ọmọ ọwọ́ bá sunkún, wọ́n á gbé e jáde. Àmín gan-an, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Mo kàn rí i pé mo ti dìde dúró lórí ìlà ìjókòó kẹrin, mo ń lọgun.

"Irọ́ ni! Irọ́ ló tún ń pa yẹn! Èmi ni mo yọ ọ́! Mo fẹ́ fi iná sí fóònù mi ni! Ó ń parọ́ kí wọ́n má baà lé mi níṣẹ́ ni!"

Gbogbo ohun tó tẹ̀lé e, ẹ̀yin náà lè fọkàn rò ó. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì, kò bínú, ó kàn na ọwọ́. Ó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n sún ìrìn-àjò Alàgbà síwájú fún oṣù mẹ́fà, torí irọ́ tó pa ní yàrá ìwádìí. Ìyá wa tú àpótí, ó ń kó ṣẹ́ẹ̀tì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wo ojú mi. Àbúrò mi sunkún lóru ọjọ́ yẹn, mo ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì, n kò sì lè wọlé lọ bá a. Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò lóòótọ́. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni pé ẹlòmíràn ló máa bá mi mu ún.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn yẹn ni gbogbo èyí. Nínú ilé ìjọ, nígbà tí mo lọgun tán, gbogbo orí yí sí mi. Alàgbà di tábìlì ìwàásù mú. Bíṣọ́ọ̀bù dìde, ó tún jókòó. Bàbá Aládìẹ fi ọwọ́ di ẹ̀yìn ìjókòó tó wà níwájú rẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Ìwọ lo yọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kì í ṣe èmi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Orí mi pé, àbí?"

"Orí yín pé, Bàbá."

Mo ń retí kó gégùn-ún fún mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀ pá, pá, pá, bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọ̀rẹ́. "Orí mi pé o! Ẹ ò gbọ́? Orí mi pé!" Ó fa fóònù yọ lápò kóòtù ńlá náà, láàárín ìjọ Ọlọ́run, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì pariwo sí i bí àwọn àgbà ṣe máa ń pariwo sí fóònù. "Má wulẹ̀ wá kó ẹrù mi mọ́. Mi ò lọ síbì kankan."