Ọjọ́ Mẹ́fà Lẹ́yìn Okùn Funfun

Bàámi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta okùn náà. Okùn funfun ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù sẹ́yìn tírélà, ó sì yí ṣọ́ọ̀ṣì wa ká láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn, níbi tí yàrá àwọn aláìsàn wà. Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàámi ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń kan pákó fún àwọn ilé iṣẹ́ ní Sango, tó bá di ọjọ́ keje, á di olùṣọ́ ìjọ kékeré kan nítòsí ọ̀nà Ilo-Awela. Ará Ọ̀ṣun ni wá. Aṣọ funfun là ń wọ̀, a kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run, a sì ń pa òfin Mósè mọ́ bí ẹni pé àwa gan-an ni wọ́n kó jáde ní Íjíbítì.

Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọ́dọ̀ kọjá okùn. Ẹni tó bá bímọ, ó di ogójì ọjọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú, ọjọ́ méje ni tirẹ̀: wọ́n á wọ́n omi sí i lára ní ọjọ́ kẹta, wọ́n á tún wọ́n ọn sí i ní ọjọ́ keje, kó tó lè bá èèyàn jókòó. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni èmi náà ti ń jókòó lẹ́yìn okùn yẹn lóṣooṣù, mi ò sì kà á sí. Mo máa ń mú ẹ̀pà dání. Ká má purọ́, ibẹ̀ ní atẹ́gùn ju inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ìgbà Sáàpù, nígbà tí náírà wó lulẹ̀, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti pé ọmọ ogún ọdún, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń hun àpò àgbàdo. Ẹ̀rọ méjìlá ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé. Nígbà tó yá, mẹ́rin péré ló ń ṣiṣẹ́, torí pé kò sí owó tí wọ́n lè fi ra ẹ̀yà ẹ̀rọ wá láti òkè òkun mọ́. Wọ́n ń tú ara èyí tó ti kú láti fi wo èyí tó ń kú lọ sàn.

Èmi àti ọmọbìnrin kan, ará Ọ̀yọ́, la jọ ń dúró ti ẹ̀rọ kan. Itele ló ń gbé. Ó pupa, ó kéré lára, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé ohun tó fẹ́ sọ ti ń pa á lẹ́rìn-ín láti inú wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́, òwú sì lọ́ mọ́ ọn nínú. Ọ̀rẹ́ mi ki apá bọ̀ ọ́ láti tú u. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń pa á ti bàjẹ́ láti bí ọdún kan, gbogbo wa sì ti mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀. Iná dé lójijì.

Mi ò ní sọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá wa ń pariwo pé, “Carry am enter pickup! Sharp-sharp!” Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A ò tíì dé Ọ̀tà tí ọwọ́ rẹ̀ fi wúwo lọ́wọ́ mi. Bí ọwọ́ òkú ṣe ń wúwo yàtọ̀ sí ti alààyè, ẹni tí kò bá dì í mú rí ni kò mọ̀. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa fún ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n ní kí olúkúlùkù máa lọ sílé.

Màámi ló sì wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń lọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń sùn ní yàrá àwọn aláìsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ara rẹ̀ wú, àyà rẹ̀ ò sì fẹ́ gbé èémí mọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká lọ ra ohun gbogbo wá fúnra wa, tó fi dórí òwú, ká tó gbé e padà wá. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni Bàámi gbé e lọ. Èmi ni mo máa ń fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Bàámi pàdé mi ní ẹnu okùn. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ dì mí mú, ó sì ká a padà.

“Ọjọ́ méje,” ó ní. “Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.”

“Màámi ńkọ́, sà?”

“A ò ní sọ fún un. Àyà rẹ̀ ò ní lè gbé e. Ọjọ́ méje kì í ṣe ọdún méje.”

Inú bí mi dé góńgó, ṣùgbọ́n mo dúró síbi tí mo wà. Ọmọ olùṣọ́ ìjọ ni mí. Bí èmi bá kọjá okùn, ta ni yóò tún dúró lẹ́yìn rẹ̀? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò ju pé kí Màámi má lọ kú kí ọjọ́ méje tó pé.

Wọ́n gbé àga gbọọrọ kan sí abẹ́ igi kaṣú fún mi, ó dojú kọ fèrèsé Màámi. Láti ibẹ̀ ni a ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti parọ́ fún un pé nǹkan oṣù mi ló dé. Irọ́ kò ba ilé mímọ́ jẹ́, ọwọ́ mi nìkan ló lè bà á jẹ́. Wọ́n á gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á kúrò níbẹ̀ kí n tó lọ gbé e. Lọ́jọ́ kẹta, Bàámi dúró lókèèrè, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ wọ́n omi sí mi lára. Omi náà tutù, ó sì ń rùn bí eérú.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, oòrùn funfun láìní ìtànṣán, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lápá ọ̀hún sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ bí ewé kaṣú ṣe ń jábọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé Màámi jókòó kó lè mu ògì. Ó wò mí láti ojú fèrèsé, ó sì tún wo ẹ̀gbẹ́ mi.

“Ta ni ọmọ tó jókòó tì ọ́ yẹn?”

“Kò sí ẹnì kankan, Màámi.”

“Ọmọ pupa kékeré yẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.” Ó sinmi díẹ̀ kó tó rí èémí. “Sọ fún un kó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan tó wọ̀ yẹn kó tó wọlé o. Ilé Ọlọ́run nibí.”

Mi ò lè yíjú sí ọ̀tún. Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin wa, ló ń fún un ní ògì. Ó yọjú síta, ó wo ẹ̀gbẹ́ mi fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, “Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.” Ó rọra fa fèrèsé pa. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ mi sí tún jìnnà sí i.

Mo gbá gbogbo abẹ́ igi náà láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, kí n lè rí ipasẹ̀ ẹni tó bá rìn níbẹ̀. Ìgbà tí mo padà dé láti ilé ìwẹ̀, tèmi nìkan ni mo rí. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù túbọ̀ bà mí, torí Màámi kò ṣe ìrànrán rárá. Ó mọ ọjọ́, ó mọ iye ìgbà tí òun ti lo oògùn, ó sì ń bi mí léèrè bóyá mo ti fọ aṣọ tí màá wọ̀ fún ìkórè. Mo wá gbà pé òótọ́ ni òfin ń sọ. Ikú wà lára mi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bàámi gbé àpótí ìjókòó wá sí ìhà tirẹ̀ lẹ́bàá okùn. Bíbélì wà lórí itan rẹ̀. Apá iwájú rẹ̀, níbi tí òfin wà, ti gbó mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n apá ẹ̀yìn ṣì ń dán. Ó jọ pé kò sùn.

“Mo ń wá ibi tí wọ́n ti sọ pé òkú máa ń tẹ̀ lé ẹni tó fọwọ́ kàn án,” ó ní. “Mi ò rí i.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọ̀rẹ́ mi dá, Bàámi?”

Ó ṣí ibi tí àwọn lẹ́tà àpọ́sítélì wà. “Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ní ẹnì kan ló ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀ṣẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ikú sì bá a wọlé. Ó ní Mósè kò tíì kọ nǹkan kan tí ikú ti ń pa àwọn tí kò rú òfin kankan. Òfin kọ́ ló mú ikú wá, òfin kò sì lè lé e jáde. Ó kàn tan fìtílà ni, ká lè rí i pé ó ti wà nínú ilé.”

“Kí wá ni okùn wà fún?”

“Ìyẹn ni mò ń bi ara mi.” Ó yí ìwé náà sí ibòmíràn. “Wò ó, Júù ni àwọn tó kọ ìwé yìí. Inú òfin ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Wọn ò sì sọ ọ́ nù, wọ́n kàn tún un kà lẹ́yìn ohun tí ojú wọn rí ni. Wọ́n kọ ọ́ pé Olúwa wọ yàrá tí òkú ọmọbìnrin kan wà, ó sì dì í lọ́wọ́ mú. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin, ọjọ́ méje ló yẹ kó fi jókòó síta. Ta ló lé e síta?” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Nínú òfin, àìmọ́ ló ń ran èèyàn. Nínú ìwé àwọn wọ̀nyí, ìmọ́ ló ń ràn.”

Mo wò ó pẹ̀lú ìbínú. Ogún ọdún ló fi ka Bíbélì yẹn sí wa létí, ó sì wá di ọjọ́ yẹn kó tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Òfin tí wọ́n fún àwọn ẹlòmíràn nínú aginjù, fún ìdí tiwọn, òun ló gbé wá sí Sango tó fi di wá mọ́ pákó. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló bà. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn obìnrin ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìkórè ọjọ́ Àìkú. Bàámi jáde wá. Ó tú okùn náà ní ẹnu ọ̀nà lójú gbogbo wọn, ó sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

“Wọlé wá bá màámi rẹ.”

Àwọn obìnrin dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo dìde, mo rìn dé ibi tí okùn wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀. Bí mo bá wọlé, èmi nìkan kọ́ ni yóò wọlé. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Màá mú ẹni tó ń tẹ̀ lé mi lọ bá ìyá mi lórí ẹní.

“Bàámi, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la ni yóò pé méje.”

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́.”

Bàámi kì í bẹ ọmọ. Síbẹ̀ mi ò lè gbé ẹsẹ̀. Ó ti tú okùn ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti ń ta sí mi lára láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Mo dúró gbọnin. Mo gbọ́ tí Màámi wúkọ́ nínú yàrá. Ó tún wúkọ́. Mo ń retí ẹ̀kẹta. Igbe Ìyá Ìjọ ni mo gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹni tí yóò wẹ òkú. Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kò ní wọ ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ ìkórè. Ìyá Ìjọ kì í ṣe ìkà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́ fún mi.

“Ìwọ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Kò ní fi nǹkan kan kún tìrẹ.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé orí mi ti yí. Ìgbà tí ìyá mi ń mí, òfin ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí kò mí mọ́, òfin kan náà ló pè mí wọlé. Ẹsẹ̀ tó kọ̀ láàárọ̀ ló ń gbé mi lọ wẹ́rẹ́ báyìí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́ nígbà tí Bàámi gbé báákẹ́ẹ̀tì omi wọlé. Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ sí ìhà kejì, ó sì di ọwọ́ Màámi mú. Mo bi í léèrè ohun tó mú un tú okùn.

“Ìdájí òní ni màámi rẹ pè mí,” ó ní. “Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ méjèèjì wọlé wá bá òun. Ó ní òtútù ń mú èkejì.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?”

“Mo rò pé ẹ̀rù á bà ọ́.”

Mo gbé apá Màámi sókè kí n lè wẹ abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, ṣùgbọ́n abẹ́ apá rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ju kànìnkànìn sílẹ̀, mo ki ọwọ́ mi bọ ibẹ̀, mi ò sì yọ ọ́ títí ó fi tutù.