Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ogún Ínǹṣì àti Orúnkún Ìyàwó Mi

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí lọ́dún tí mo pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi sí ńlá. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, orúnkún ọ̀tún ìyàwó mi sì ti ń dùn ún. Mo dárúkọ orúnkún náà níbẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ rò, òun ni mo sì rò kẹ́yìn.

Gọ́tà kan la ojú títì kọjá ní àdúgbò wa ní Agége. Bí mo bá ti ń wa ọkọ̀ mi kékeré kọjá níbẹ̀, ikùn rẹ̀ á ha ilẹ̀, èmi náà á sì fún ikùn tèmi mọ́ra, bí ẹni pé ìyẹn á ràn án lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, mo mú rúlà, mo wọn gọ́tà náà, mo wọn ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé ikùn. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé, mo fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn, mo sì mú un lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta ẹsẹ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ lẹ́bàá ojú irin.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Ó ti ní irùngbọ̀n, ó ti ní ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n bó ṣe rí mi ló ju sípánà sílẹ̀, tó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ogún ínǹṣì ni mo fẹ́. Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ṣé ó yé ọ?"

Ó wo ìwé, ó wo ọkọ̀, ó tún wo ìwé. "Ó yé mi, sà."

Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi rí irú ojú bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe ìṣirò náà, mo sì ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ó fi irin gbé ara ọkọ̀ sókè, ó de àwọn ẹsẹ̀ ńlá dídán náà mọ́ ọn. Ọkọ̀ mi wá dà bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Inú mi dùn jọjọ. Mo fẹ́ fọ́tò rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lórí fóònù, níbi tí ẹnì kan ti ń fi fọ́tò ewúrẹ́ rẹ̀ yangàn fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òun máa ń ya fọ́tò gbogbo ọkọ̀ tí òun bá ṣe, pé ògiri kan wà ní Ìlúpéjú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, funfun báláú, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń yọ dáadáa.

Ìlúpéjú náà ni ìyàwó mi ń lọ lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́ta ló ti ń dúró de dókítà eegun kan tó máa ń wá sí ọsibítù kan níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Aago mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Bí wọ́n bá pe èèyàn tí kò dáhùn, ó di ìgbà mìíràn.

"Tíṣà," ìyàwó mi wí, "orúnkún mi ò bá yín ya fọ́tò o."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, Ìyá àwọn ọmọ. Aago mẹ́jọ la ó kúrò nílé."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọkọ̀ sún mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ilẹ̀ inú rẹ̀ bá ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dọ́gba, ìyàwó mi kàn gbé ẹsẹ̀ láti ibẹ̀ sínú ọkọ̀ ni. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ga tó. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti dé láti bá wa lọ ya fọ́tò náà, ó jókòó síwájú. A kọjá gọ́tà láìha ilẹ̀. Mo fún ikùn mọ́ra lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa dé Onígbòǹgbò, bí mo bá ti yí ọwọ́ ọkọ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á kùn.

"Kí nìyẹn?" mo béèrè.

"Á mọ́ wa lára, sà."

"Ta ló máa mọ́ lára?" ìyàwó mi béèrè láti ẹ̀yìn.

Ògiri náà funfun lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára géètì pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Mo kà á, mo yin ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, mo sì gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi bọ́ sílẹ̀, ó gbé fóònù sókè. "Sà, ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, kí ojú táyà lè kọ sí mi. Díẹ̀ sí i, sà!"

Mo fi agbára yí i. Mo gbọ́ gbàù! Táyà ti wọ abẹ́ irin tó bò ó lórí, ó há síbẹ̀ gbọn-in. Ọkọ̀ kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Ó rẹwà gan-an báyìí, sà," akẹ́kọ̀ọ́ mi wí.

Géètì ṣí. Ọkọ̀ búrẹ́dì yọrí jáde, ó ń fọn fèrè. Máígádì tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ dára."

"Ẹ ṣé, sà. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò."

A tì í, a fà á, kò mira. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn, ó wo ìsàlẹ̀, ó tún ilẹ̀kùn tì.

"Tíṣà, níbo ni ilẹ̀ wà?"

Mo kúnlẹ̀ kí ó lè tẹ ẹ̀yìn mi sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ̀yìn yín náà ń wá dókítà."

Máígádì ló súfèé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dé fìlà funfun kó àwọn kíréètì búrẹ́dì òfìfo jáde. Mo ní kí wọ́n to mẹ́ta léra sí ẹnu ilẹ̀kùn, kí méjì tẹ̀ lé e, kí ọ̀kan tẹ̀ lé ìyẹn. Ìṣirò kan ṣoṣo tí mo ṣe yege nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Màmá, ẹ rọra o! Àtẹ̀gùn búrẹ́dì rèé!"

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, orúnkún mi ń gbọ́."

Ọ̀nà ọsibítù kò jìn, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹsẹ̀ rìn ín débẹ̀ kí aago tó lù. Wọ́n gbé e sórí àga rọ́bà máígádì, àwọn mẹ́rin gbé àga náà ńlẹ̀, ó di eré. Mo gbé báàgì rẹ̀ sá tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì tó rí wa fò dìde.

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ọkọ̀ ni," ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

"Ọkọ̀ gbá wọn?"

"Rárá o. Ó ga jù fún wọn ni."

Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n ń pe orúkọ ìyàwó mi nìyẹn. Orí àga náà ló ti nawọ́ sókè tó kígbe pé, "Mo wà ńbí!" Dókítà yẹ ẹ́ wò dáadáa, ó fún un lóògùn, ó ní kó má ṣe gun ohun gíga.

Nígbà tí mo padà, akẹ́kọ̀ọ́ mi ti tú afẹ́fẹ́ inú táyà náà jáde, ó ti yọ ọ́. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Sà, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé yóò há."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ bi mí bóyá ó yé mi ni, sà. Ó yé mi. Ẹ ò bi mí bóyá ó dára."

Fọ́tò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ mi yà ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́: ìyàwó mi lórí kíréètì kejì, tó di fìlà òṣìṣẹ́ kan mú, táyà mi há lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún rántí ewúrẹ́. Mo ti dá ẹsẹ̀ kékeré padà sí ọkọ̀. Ikùn rẹ̀ tún ti ń ha ilẹ̀, èmi náà sì ń fún tèmi mọ́ra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Kí ẹ tó wọn ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì ń bi ẹni tó kéré sí yín ní ìbéèrè, ẹ bi í lọ́nà tí yóò fi lè sọ fún yín lójúkojú pé ẹ ti ṣe àṣìṣe.