Púpurú Irin Lásárù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fa bẹ́ǹṣì yín síbí. Ọ̀rọ̀ Lásárù ará Akótógbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń pariwo lójú títì.

Ogun Bìáfírà ò tíì parí nígbà tó ti ìlú òyìnbó dé. Ilé iṣẹ́ irin ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń ṣe irin yẹn o! Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á tì í bọ iná. Kò ní yọ́ bí òrí, àmọ́ á lẹ̀ mọ́ra, á wá wúwo ju òjé lọ. Lásárù gbé ìyẹ̀fun náà bọ̀ nínú agolo, àwọ̀ ẹ̀ bíi gààrí elépo. Ó ní òun á fi ṣe òjé tó ń fa àwọ̀n sísàlẹ̀ omi fún àwọn apẹja.

Akínsànyà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wò ó títí. "Lásárù, bàbá wò ọ́ lọ́nà títí ó fi kú. Àgbẹ̀dẹ ẹ̀ rèé. Tí irin ẹ bá jọ irin, tìẹ ni. Tí kò bá jọ, mo máa wó o, mo máa gbin ọ̀pẹ síbẹ̀."

Gbogbo èyí tí Lásárù kọ́kọ́ sun ló fọ́ yángá. Ó wá ku ẹ̀kúnwọ́ kan nínú agolo. Adétutù ìyàwó ẹ̀, tó ń ṣe púpurú tà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń mọ roboto, tí wọ́n ń yan lórí iná, já a gbà.

"Bàbá Lérè, ẹ gbé e wá. Ọwọ́ yín le bíi ti ẹni tó ń wẹ ọmọ orogún."

Ó mọ ọ́n roboto bíi púpurú. Lásárù gbé e sáàárín èédú nínú ìkòkò, ó fi amọ̀ lẹ ẹnu ẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Ó fẹ́ ẹwìrì títí apá ẹ̀ fi kú.

Nígbà tí ìkòkò tutù, wọ́n ṣí i. Ó dúdú, ó le! Akínsànyà gbé e lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí, ó mà wúwo o!" Omi lé sójú Lásárù.

Adétutù ti fa ọ̀bẹ yọ. Bí púpurú bá kúrò lórí iná, ẹ̀yìn tó jó là ń ha kúrò, kí funfun inú ẹ̀ lè yọ.

"Ẹ jẹ́ n bá yín ha èyí tó jó."

Lásárù ké sí i, "Adétutù, má—"

Ó ti ha á. Ìyẹ̀fun dà sílẹ̀ wùùù, àwọ̀ gààrí elépo, bó ṣe wà nínú agolo gẹ́lẹ́. Iná ò dé inú; ẹ̀yìn yẹn nìkan ni irin tó wà níbẹ̀.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Adétutù. Akínsànyà ò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹwìrì bàbá wọn.

Lásárù gbọn ṣòkòtò ẹ̀, ó dìde, ó jáde.