Bí Mo Ṣe Jowú Àbẹ̀kẹ́

Òórùn karosíìnì ló máa ń jí mi nílé wa ní Òmù-Àrán. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Bàámi á ti da karosíìnì tó fi ń fọ irin ọkọ̀ sínú ọpọ́n lábẹ́ igi màǹgòrò iwájú ilé, níbi tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé, á dà pọ̀ mọ́ ti àkàrà tí ìyá mi ń dín fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń mú jù. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn, nítorí òórùn ara Bàámi ni. Àmọ́ lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Àbẹ̀kẹ́ dé, òórùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára òun náà.

Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàámi obìnrin, tó ń dáko ní Òkè-Onígbìn. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Wọ́n mú un wá kí ó lè lọ sí ilé ìwé ìjọ tó wà nítòsí wa, orí ẹní mi ló sì ń sùn. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé láàárín oṣù kan péré, ọmọ tí kò rí inú ẹ́ńjìnnì rí ti mọ orúkọ gbogbo sípánà. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, á ti sọ ohun tó ń ṣe é kó tó dúró. Bàámi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ o," á máa wí fún àwọn oníbàárà, "ọmọbìnrin yìí ní etí."

Èmi náà ní etí méjì, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bí mo bá sún mọ́ ìdí igi màǹgòrò, Bàámi á ní, "Dúpẹ́, lọ ran ìyá rẹ lọ́wọ́, kí ọ́ìlì má ba aṣọ rẹ jẹ́." Lónìí mo mọ̀ pé ìkẹ́ ni. Nígbà yẹn, lójú mi, lílé ló ń lé mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo nǹkan: ẹ̀ẹ̀melòó ló pe orúkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ló pe tèmi, ẹran ta ló tóbi jù. Ìyá mi rí i. Ó ní, "Dúpẹ́, ẹni tó bá ń wo àwo ẹlòmíràn, ọbẹ̀ tirẹ̀ á tutù." Mo ní mi ò wo àwo ẹnikẹ́ni.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, ọkọ̀ méjì wà lábẹ́ igi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu. Ó ń dúró de irin kan tí wọ́n lọ rà ní Ìlọrin. Èkejì jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà Àgbà. Ìpínlẹ̀ Kwara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ ni, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ìwé sì ti di ti Ìlọrin, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Tíṣà kì í lọ síbẹ̀. Bàámi tú ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Àbẹ̀kẹ́ fọ irin wọn, ó to ti Tíṣà sórí àpò kan, ó to ti akẹ́rù sórí òmíràn, ó ń kà wọ́n lóhùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka Sáàmù.

Lọ́sàn-án, Bàámi pè é pé kí ó wá bá òun jẹun. Nínú àwo kan náà! Èmi dúró ti àwọn àpò yẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lára irin wọ̀nyí tó mú kí Bàámi fẹ́ràn ẹni tó ń fọ̀ wọ́n. Mo mú sípíríǹgì kékeré kan lórí àpò Tíṣà, mo mú òmíràn lórí ti akẹ́rù, mo fi wọ́n wé ara wọn, mo tẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n jọra bí ìbejì, àfi pé ọ̀kan gùn díẹ̀, ó sì le jù. Bí mo ṣe gbọ́ ìró bàtà Bàámi, mo jù wọ́n sílẹ̀, mo sá lọ. Mi ò wo ibi tí èyíkéyìí bọ́ sí.

Bàámi gbọ́kàn lé bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe to irin náà, ó to ẹ́ńjìnnì Tíṣà padà láì yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Tíṣà wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ aago tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn fò dé òpin, ó sì dúró síbẹ̀. Bàámi ní ọyẹ́ ló mú kí ọ́ìlì ki, pé bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á wálẹ̀. Tíṣà ń kánjú, ó lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, okùn ni wọ́n fi fa ọkọ̀ náà padà. Ọ́ìlì ti gba etí fílítà, asẹ́ ọ́ìlì, ya jáde. Bí kì í bá ṣe pé Tíṣà tètè rí i kó tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ́ńjìnnì ì bá ti nọ́ọ̀kì, kó bàjẹ́ pátápátá.

"Ṣebí bí agbára ọ́ìlì bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó?" Tíṣà bèèrè.

"Rárá, sà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni," Bàámi dáhùn. "Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà ò lè gbà á mọ́, ló ṣe bẹ́."

Aago ló kọ́kọ́ fura sí. Ó ní aago náà lè máa purọ́, ó tú ti akẹ́rù, ó fi sí i. Ibi kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó fa ọ́ìlì jáde, ó fi èyí tó ṣàn jù ú lọ rọ́pò, ó di etí fílítà, ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ọwọ́ aago ò mì. Ó wá ku fáàfù kékeré kan, ilẹ̀kùn tí ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù ń gbà padà sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Sípíríǹgì ló ń ti ilẹ̀kùn náà. Bí sípíríǹgì bá le jù, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Bàámi tú u. Ó gbé sípíríǹgì náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́. Ó rìn lọ sídìí àpò akẹ́rù, ó mú èyí tó wà níbẹ̀, ó fi wọ́n wé ara wọn bí mo ti ṣe gan-an.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló to irin wọ̀nyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ti akẹ́rù ni mo bá nínú ọkọ̀ Tíṣà."

"Mo tò ó sí àyè rẹ̀, Bàbá. Mo kà á."

"Ṣé ẹsẹ̀ ló wá fi rìn ni?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo kà á."

Tíṣà dúró níbẹ̀, ojú ń ti Bàámi. Bàámi ní òun lè fojú fo àṣìṣe, ṣùgbọ́n òun ò lè gbé pẹ̀lú ọmọ tó ṣe é tí kò gbà pé òun ṣe é. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n dá Àbẹ̀kẹ́ padà sí Òkè-Onígbìn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó bó ṣe gbé ẹrù rẹ̀ rù. Kò sunkún. Ì bá wù mí kí n sọ fún yín pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò ṣe mí. Inú mi dùn.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, Bàámi parí iṣẹ́: sípíríǹgì tó tọ́, rọ́bà etí fílítà tuntun, ọ́ìlì tuntun. Ó ṣáná sí ọkọ̀ náà. Ọwọ́ aago gòkè, bí ẹ́ńjìnnì sì ṣe ń gbóná, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀, títí ó fi dúró láàárín.

"Dúpẹ́, máa bọ̀."

Ó pè mí! Mo sáré dé ibẹ̀. Ó ní kí n tẹ́tí sí i, kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Ariwo lásán ni mo gbọ́. Mo ní, "Ó dára, Bàámi." Ó mi orí, ó gbójú sí ọ̀nà. "Àbẹ̀kẹ́ ì bá ti sọ fún mi bí ohun kan bá ṣì kù," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kì í sì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Kò sí nílé mọ́, síbẹ̀ ó tún jù mí lọ. Owú ló la ẹnu mi, kì í ṣe ìrònúpìwàdà rárá. Mo pariwo pé, "Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀! Nígbà tí ẹ̀ ń bá a jẹun, èmi ni!"

Mo ń retí ẹgba. Kò nà mí. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó mú àkísà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn. A gùn ún dé Òkè-Onígbìn.

Àbẹ̀kẹ́ àti ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Bàámi dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó dìde, ọkùnrin tí àwọn awakọ̀ ń bẹ̀rù ohùn rẹ̀ yìí yíjú sí Àbẹ̀kẹ́. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Òótọ́ lo sọ, mi ò gbọ́. Mo ń gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì, mi ò gbọ́ ti ènìyàn." Ó ní kí n fẹnu ara mi sọ ìyókù. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ wò mí. "Mo sọ pé mo kà á," ó ní. Ó bó ẹ̀gẹ́ kan sí i. "Bí mo bá padà, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò mi."

Ó padà. A ò di ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ náà, a ò sì dì í lọ́dún náà. Lónìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ti ń ta irin ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, a sì máa ń bẹ ara wa wò. Nígbà tí Bàámi darúgbó, Àbẹ̀kẹ́ ló gbé àpótí sípánà rẹ̀ fún. Olùkọ́ ni mí, kí ni mo fẹ́ fi sípánà ṣe? Síbẹ̀ mo lọ dúró fúngbà díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Mo ti ju Bàámi ìgbà yẹn lọ lọ́jọ́ orí báyìí. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin, mo sì ti mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ò mọ̀, pé ìfẹ́ òbí kì í tán nítorí pé ẹlòmíràn bù nínú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, owú ni kò mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi ń yin ìyá ọkọ rẹ̀ fún mi lórí fóònù, pé ẹni tó ń kẹ́ òun bẹ́ẹ̀ ò sí mọ́. Ọmọ ìgbà yẹn ì bá ti dákẹ́, kó máa wá nǹkan tí yóò bà jẹ́. Èmi ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́, mò ń jowú o."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Màámi, ẹ̀yin náà!"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo sọ ṣá.