Ihò Ìkẹyìn Lára Bẹ́líìtì

Bẹ́líìtì aláwọ kan ṣì wà nínú àpótí mi. Àbúrò bàbá mi, tí mò ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ni ín, káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán, láyé ìjọba òyìnbó. Bó bá jẹun tán, á fọwọ́ gbá ikùn, á ní, "Ilé kún!"

Nígbà tó yá, òùngbẹ ń dà á láàmú, ó sì ń rù. Ó ń fi ìṣó lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì náà.

Àwọn oníbàárà a máa bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyàwó yín ò se oúnjẹ mọ́ ni?"

"Ó ń sè é o. Ẹnìkan ló wà nínú mi tó ń bá mi jẹ ẹ́!"

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, kó má fẹnu kan ṣúgà mọ́.

Bàbá Kékeré pa ṣúgà tì lóòótọ́, àmọ́ oyin ló ń bù sí ẹ̀kọ.

"Ṣúgà òyìnbó ló ní kí n má jẹ," ó sọ fún mi. "Oògùn ni oyin. Bá mi wá ojúlówó láti Ìrẹsà."

Èmi tí mo wà ní yunifásítì gbà á gbọ́. Ìgò mẹ́ta ni mo gbé wá.

Nígbà tó ku ìgò kan, ọwọ́ rẹ̀ ò lè di òòlù mú mọ́. Èmi ni mo bá a lu ihò ìkẹyìn.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Oyin yẹn á dá ara mi padà."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú. Àwọn ihò yòókù ti fẹ̀ nítorí lílò. Èyí tí mo lu ṣì rí róbótó bíi tọjọ́ tí mo lu ú.